Láàbù biomedical engineering n'Íbàdàn: kí ni kí n wò kí n tó mú tópìkì?

AraAgbowo

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin tíṣà wa. Mo ń bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mi ò fẹ́ dá rò. Mechanical ni mo fi gba dìgírì àkọ́kọ́, mo wá ń ṣe másítàsì biomedical engineering níbí n'Íbàdàn, súpáfáísọ̀ mi sì ti ní kí n mú tópìkì wá kí oṣù yìí tó parí. Nǹkan méjì ló wà lọ́kàn mi. Ìkíní, kí n fi egungun màlúù ṣe scaffold, ìyẹn ohun tí wọ́n lè fi dí àlàfo níbi tí egungun èèyàn ti bàjẹ́ kí egungun tuntun lè hù gba ibẹ̀. Ìkejì ni ọwọ́ àtọwọ́dá tó ń gba àṣẹ látinú iṣan apá, EMG ni wọ́n ń pe iná tí iṣan yẹn ń mú jáde. Àbúrò màmá mi kan pàdánù ọwọ́ ẹ̀ nínú jàǹbá ọkọ̀, iye tí wọ́n pè fún ọwọ́ tó ń ṣí tó ń pa dé, kò sẹ́ni tó lè san án nílé wa, torí ẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń jẹ mí lọ́kàn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan tó ṣáájú wa ní kí n má dán ti egungun wò rárá, pé kò sí láàbù tó pé fún un, ẹlòmíì ní kí n ṣáà kọ tópìkì tó wuyì, pé bó bá dé ojú ẹ̀ á yanjú. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mi ò ní lè ṣe, kí n má wá jókòó sórí ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, láàbù tí wọ́n bá ní ó tó láàbù fún irú iṣẹ́ yìí, kí ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí ni kí n bèèrè bí mo bá débẹ̀, èwo nínú méjèèjì ló ṣe é ṣe ní ìlú yìí pẹ̀lú iná tá a ní?

IyaLaabu

Ọmọ mi, o káre tó o bèèrè kó o tó kó sí i. Iṣẹ́ tẹknọ́lọ́jísìtì láàbù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ tó gbọ́n tó sì mọ̀wé, tó jẹ́ láàbù ló dá wọn dúró.

Orúkọ máṣíìnì tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn kọ́ ni láàbù. Láàbù ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, tó ní iná, tí àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń lò sí i ò sì tí ì tán. Torí náà bó o bá débẹ̀ má bi wọ́n pé ṣé ẹ ní báyìí-báyìí, wọ́n á ní àwọn ní, wọn ò sì purọ́, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Sọ pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè wá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lò ó. Kó o tún ní kí wọ́n jẹ́ kó o rí lọ́gíbúùkù ẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó lò ó sí. Bó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lẹni tó lò ó kẹ́yìn kọ orúkọ ẹ̀, o ti gba èsì nìyẹn.

Ní ti egungun, ṣé o fẹ́ gbin sẹ́ẹ̀lì lé e lórí? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Sẹ́ẹ̀lì fẹ́ 37°C, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide inú ẹ̀ jẹ́ 5%, ó fẹ́ ọ̀rinrin, lójoojúmọ́ ni o, Sátidé, Sọ́ńdè, ọjọ́ Iléyá. Incubator ló ń ṣe gbogbo ìyẹn, ó nílò sílíńdà gáàsì tí kò gbọdọ̀ tán láìjẹ́ pé òmíràn ti wà nílẹ̀. Bí iná bá lọ lóru tí kò sí ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ oṣù méjì lè bàjẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Serum tí wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì, inú fírísà -20°C ló ń gbé, sẹ́ẹ̀lì tó o fẹ́ tọ́jú pa mọ́ fún ìgbà pípẹ́, inú nitrogen olómi ni, ìyẹn -196°C, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa bu nitrogen kún un torí ó máa ń gbẹ. Bi wọ́n pé ta ló ń bù ú, ibo ni wọ́n ti ń rà á, ta ló ń sanwó ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń wo ojú ara wọn, má gbé sẹ́ẹ̀lì kankan lọ síbẹ̀.

Wo àpótí tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ laminar flow ni wọ́n ní, wọ́n á sì máa pè é ní biosafety cabinet. Laminar flow ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó mọ́ gba orí iṣẹ́ ẹ bọ̀ sójú ẹ, iṣẹ́ ẹ ló ń dáàbò bò, kò dáàbò bo ìwọ. Biosafety cabinet Class II ló ń dáàbò bo ìwọ àti iṣẹ́ ẹ pọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ èèyàn tàbí sẹ́ẹ̀lì èèyàn ni, má jókòó sídìí laminar flow o, ẹni yòówù kó ní kó o jókòó. HEPA filter tó wà nínú àwọn méjèèjì ń gba 99.97% eruku tó jẹ́ 0.3 micron, ṣùgbọ́n ó nílò kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, ẹ sì mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, filter máa ń dí.

Ọ̀kan ṣì kù. Autoclave, ìyẹn máṣíìnì tó ń fi èéfín omi gbígbóná pa kòkòrò lára irinṣẹ́, 121°C, 15 psi, ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Téèpù tó máa ń dúdú lára ẹrù yẹn, ó kàn ń sọ pé ẹrù náà rí ooru ni, kò sọ pé kòkòrò inú ẹ̀ ti kú. Ẹni tó mọṣẹ́ á máa fi spore Geobacillus stearothermophilus, kòkòrò kan tí ooru kì í tètè pa, dán an wò lóòrèkóòrè. Bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe é. Ìbéèrè yẹn nìkan á jẹ́ kó o mọ irú àwọn tó ò ń bá ṣiṣẹ́. Kó o sì jẹ́ kí tẹknọ́lọ́jísìtì ibẹ̀ mọ̀ ẹ́ dáadáa, kì í ṣe lọ́jọ́ tó o bá nílò kọ́kọ́rọ́ nìkan, torí òun ló mọ máṣíìnì tára ẹ̀ ò yá.

WayaPupa

Ẹ ṣé gan mà, ẹ pẹ́ fún wa. Àbúrò, electrical lèmi, EMG ni mo fi ṣe tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí apá ibẹ̀.

EMG ṣe é ṣe n'Íbàdàn, kò sì nílò láàbù olówó gọbọi, ṣùgbọ́n kò rọrùn bí wọ́n ṣe ń fi hàn nínú fídíò. Iná tó ń jáde látinú iṣan, bó o bá fi electrode tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara mú un, kì í sábà ju 10 millivolt lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó wúlò nínú ẹ̀ wà láàárín 20 sí 500 Hz. Iná ilé wa sì jẹ́ 50 Hz, àárín ibi tó ò ń wá nǹkan sí gan-an ló wà, o ò lè kàn fi filter gé e dànù kó má mú díẹ̀ lọ nínú ohun tó o fẹ́. Inverter olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe pure sine wave tún burú ju iná ìta lọ, torí àwọn ìlọ́po 50 yẹn náà á tún wà níbẹ̀, gbogbo ojú screen á kún. Mo ti jókòó ti ẹni tó fún ìkúùkù mọ́ tó sì tún tú u sílẹ̀, tí ìlà orí screen ò yàtọ̀ rárá, a yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, ìlà yẹn wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a pa fluorescent orí wa, ó tún wálẹ̀ sí i, ìgbà yẹn la tó wá ń rí iṣan bó ṣe ń dìde tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, bátìrì ni o. Láptọ́ọ̀pù lórí bátìrì, circuit lórí bátìrì, ṣájà jìnnà pátápátá. Kì í ṣe torí ariwo nìkan. Èèyàn ló wà lẹ́yìn wáyà yẹn. IEC 60601, ìlànà àgbáyé fún irinṣẹ́ ìṣègùn tó ń lo iná, ò gbà kí iná tó ń jò sára aláìsàn ju 100 microampere lọ bí nǹkan kan ò bá bàjẹ́, fún irinṣẹ́ Type BF tó ń kan ara èèyàn, fún Type CF tó lè kan ọkàn, 10 microampere péré ni. Kò sẹ́ni tó wọn ti ṣájà ọjà wò, nítorí náà má ṣe so àbúrò màmá ẹ mọ́ ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, láé.

Awọ ara ńkọ́? Fá irun ibẹ̀, fi spirit nù ún, jẹ́ kó gbẹ, lo electrode Ag/AgCl tuntun, kó o wo déètì ara páálí ẹ̀ torí bí gel ẹ̀ bá ti gbẹ asán ló máa mú wá. Ara á tún máa làágùn, pàápàá nínú yàrá tí kò sí AC, electrode á máa yọ̀, fi téèpù dè é.

Má ra bóòdù AD8232 torí pé ó pọ̀ lọ́jà, ECG, ìyẹn iná ọkàn, ni wọ́n ṣe é fún, bí wọ́n ṣe ṣètò èyí tí wọ́n ń tà káàkiri, ohun tó bá ju bí 40 Hz lọ ló ń gé dànù, ibi tí EMG wà náà nìyẹn. INA128, chip tó ń sọ iná kékeré di ńlá, ló dáa kó o fi bẹ̀rẹ̀. Resistor, wáyà, lẹ́ẹ̀dì, wàá rí wọn ní Ògùnpa, ṣùgbọ́n chip gidi, pàṣẹ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó o gbára lé, torí ayédèrú pọ̀.

Kó o tó rà ohunkóhun rárá, lọ sórí Ninapro, dátà EMG ọwọ́ ló wà níbẹ̀, ti àwọn tí ọwọ́ wọn pé àti ti àwọn tí ọwọ́ wọn gé, ọ̀fẹ́ ni. PhysioNet náà wà, irú dátà ara èèyàn bẹ́ẹ̀ ló wà lórí tiẹ̀ náà. Fi kọ́ algorithm ẹ nílé, láàbù ò ní dá ẹ dúró fún ìdajì iṣẹ́ yẹn. Kó o sì tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé ethics, bó bá ti kan èèyàn, ọ̀dọ̀ UI/UCH Ethics Committee lo máa gbà, wọn ò ní fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó o ti ṣe é tán o.

EegunMaluu

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù ba ọmọ yìí kúrò lórí egungun o. Gbogbo ohun tí Màmá sọ nípa sẹ́ẹ̀lì, òótọ́ ni, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kọ́ ni ìpele àkọ́kọ́, àwa kan wà tá a ṣe iṣẹ́ tó dáa láì tíì dé ìdí incubator.

Lọ sí ibi ìpa màlúù ní Amósùn, Akínyẹlé, bá wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtù, mú egungun itan, ibi tó le. Sè é, yọ mùdùnmúdùn, fọ ọ̀rá kúrò títí omi ẹ̀ á fi mọ́, sá a kó gbẹ, ìgbà náà ni kó o gé e kó o gbé e sínú furnace. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa gbé ooru ẹ̀ lọ, bíi 5°C níṣẹ́jú kan, títí dé 900°C, kó o fi í síbẹ̀ fún wákàtí bíi méjì sí mẹ́ta. Bó bá jáde ní dúdú tàbí aláwọ̀ eérú, carbon ṣì wà nínú ẹ̀, dá a padà. Èyí tó jóná tán máa ń funfun báláú, bó o bá fi èékánná kàn án á dún bí àwo tánganran. Hydroxyapatite nìyẹn, ohun tó pọ̀ jù nínú egungun tiwa náà.

Furnace ò ṣòro. Àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò, àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò, gbogbo wọn ní in, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn, bí 550°C ni wọ́n ń lò ó mọ, torí náà bèèrè bó ṣe lè gbóná tó, kó o sì fi thermocouple mìíràn, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi ń wọn ooru, wọn inú ẹ̀ wò, torí nọ́ńbà tó ń hàn níwájú furnace tó ti gbó lè yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ẹ̀.

Bó o bá ṣe scaffold ẹ tán, lo SBF, omi tí wọ́n pò kó jọ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ará Japan kan, Kokubo, ló gbé e kalẹ̀, ISO 23317 sì ni ìlànà ẹ̀. 36.5°C, pH 7.4, water bath tó dáa pẹ̀lú inverter tó lè gbé e, ó parí. Gbé scaffold síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin, kó o wò bóyá apatite ń hù lójú ẹ̀. Kò sọ fún ẹ pé sẹ́ẹ̀lì á fẹ́ràn ẹ̀, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú thesis, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wò ni máṣíìnì tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Wọ́n á ní universal testing machine wà, inú gbogbo èèyàn á dùn. Bi wọ́n pé load cell ẹ̀, ìyẹn apá tó ń wọn agbára tó fi ń tẹ nǹkan, jẹ́ mélòó. Egungun tó ní ihò-ihò inú ara wa, agbára ẹ̀ wà láàárín bí 2 sí 12 MPa. Bí scaffold ẹ bá rí róbótó, tí ojú ẹ̀ fẹ̀ ní 10 mm, tó sì fọ́ ní 2 MPa, bí 157 newton nìyẹn. Máṣíìnì tí wọ́n rà láti fi fa irin ìkọ́lé, 100 kN ni load cell ẹ̀, 157 N ò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nínú ohun tó lè gbé, ohun tó máa kọ fún ẹ ò ṣe é gbára lé. O nílò load cell kékeré, 1 kN tàbí 5 kN. Béèrè lọ́wọ́ wọn níbi Multidisciplinary Central Research Laboratory tó wà nínú UI, kó o mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ báyìí àti iye tí wọ́n ń gbà, béèrè ní EMDI náà, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun èlò iṣẹ́ ẹnjiníà tó wà ní Akúrẹ́. Kí o pè kó o tó wọkọ̀.

OmoOkeOkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wà ní Jámánì, mo sì bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kí ló dé tí ọmọ yìí á fi máa sáré kiri láti Akínyẹlé dé Akúrẹ́? Kó kó samples ẹ̀ ránṣẹ́ síta. Níbi tí mo wà, wọn kì í fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní máṣíìnì tiẹ̀, ọ̀kan ni gbogbo yunifásítì ń lò, èèyàn á búùkù wákàtí tó fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, owó wákàtí tí wọ́n ń gbà ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ó yá kíákíá.

IyaLaabu

Ọmọ mi, ètò tó o kà sílẹ̀ yẹn ló dáa jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ, òun gan-an ló yẹ ká kó wálé. Máṣíìnì kan, gbogbo ẹ̀ka ń lò ó, owó tó ń wọlé ń tún un ṣe, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ò kúrò nídìí ẹ̀. Bí TETFund bá fún ẹnì kan lówó ìwádìí tó sì ra ohun kan, tó tì í mọ́ ọ́fíìsì ẹ̀, nígbà tó bá fẹ̀yìn tì kọ́kọ́rọ́ á bá a lọ, mo rí i tó ṣẹlẹ̀, ó ń dùn mí títí dòní.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo samples máa lọ síta, mi ò fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá bi í lọ́jọ́ ìdáhùn thesis ẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe wọn eléyìí, kí ló máa sọ? Ohun tó bá ti ara ẹranko wá, ó ní ìwé tí wọ́n ń gbà kó tó kọjá ibodè, èyí tó bá sì ti ara èèyàn wá, Material Transfer Agreement, ìwé àdéhùn láàárín ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á, gbọ́dọ̀ wà, NHREC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ethics ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà, ò gbà kó jáde láìsí i. Ọ̀kan tàbí méjì tí kò sí ọ̀nà míì, ó dáa, ẹ fi ránṣẹ́. Ìyókù, kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é.

DokitaUCH

Mo dé pẹ́, ẹ má bínú. AraAgbowo, mi ò fẹ́ da ọkàn ẹ rú, àmọ́ láàbù kan wà n'Íbàdàn tí ẹ ò dárúkọ, àwọn aláìsàn wa ni. Àpẹẹrẹ kan, pulse oximeter tá a ń fi sórí ìka. Ìmọ́lẹ̀ pupa bí 660 nm àti infrared bí 940 nm ló fi ń wo atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀. Ní 2020, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine pé nínú àwọn tí oximeter sọ pé tiwọn wà láàárín 92 sí 96%, tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an, 11.7% nínú ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú ló ti wálẹ̀ ju 88% lọ, ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6%. Irinṣẹ́ tí à ń lò lójoojúmọ́ fún àwọn èèyàn wa nìyẹn o. Ohun tó máa gbà ni co-oximeter, máṣíìnì tó ń wọn atẹ́gùn látinú ẹ̀jẹ̀ gan-an, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọsibítù, ethics, àti ẹnjiníà tó lè ṣe sensor. A ní àwọn èèyàn tó yẹ kí irinṣẹ́ yẹn mọ̀ dáadáa, kò yẹ ká máa dúró de ẹlòmíì láti wá wò ó fún wa. Tó ò bá ṣe é, sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ.

OnitiRobo

Kíákíá: bó o bá fẹ́ fi 3D printer tẹ ọwọ́ yẹn, má fi PLA, irú ike kan tí wọ́n sábà ń fi tẹ nǹkan, ṣe apá tó máa wọ ara. Láti bí 60°C ló ti ń rọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n pa fèrèsé ẹ̀ dé sínú oòrùn oṣù kẹta lè mú kó tẹ̀. PETG, ike míì, sàn jù. Kò sì sí èyí tó ṣe é gbé sínú autoclave nínú méjèèjì.

AraAgbowo

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bù kún yín. Màmá, mo lọ bí ẹ ṣe ní kí n lọ, mo ní kí n rí máṣíìnì kan nígbà tí wọ́n bá ń lò ó, wọ́n gba nọ́ńbà mi pé àwọn á pè mí, mo sì bá tẹknọ́lọ́jísìtì ibẹ̀ jókòó, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé CO2 ti tán tipẹ́. Nítorí náà EMG ni mo mú. Mo ti ń da dátà Ninapro sórí láptọ́ọ̀pù mi, ìwé ethics náà mo ti gbà á láti kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní òun fẹ́ gba ti egungun, ẹ̀gbọ́n EegunMaluu, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè bá a rí ẹni tó ní load cell 1 kN.

Ìbéèrè kan ló kù fún ẹ̀gbọ́n WayaPupa: oscilloscope tó wà ní ẹ̀ka wa, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń wà. Bí mo bá fi wo circuit nígbà tí electrode wà lára èèyàn ńkọ́?

WayaPupa

Rárá o! Má ṣe é. Ground oscilloscope yẹn, ground ògiri ni, bó o bá ti so ó mọ́ circuit, o ti so èèyàn mọ́ ògiri nìyẹn. Fi signal generator dán circuit wò lórí bẹ́ǹṣì láìsí èèyàn kankan lára ẹ̀, ìgbà tó bá dá ẹ lójú lo máa wá yọ oscilloscope kúrò kó o tó lẹ electrode. Èyí kékeré tó ń lo bátìrì wà lọ́wọ́ mi, mo lè yá ẹ. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ ẹ, kó o fi inbox ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́rú ni mo máa ń wà ní Bódìjà.

EegunMaluu

Kí ọ̀rẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi. Mo mọ ẹnì kan tó ní 5 kN tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ calibrate, 1 kN ni mi ò tí ì rí. Kó má gé scaffold kankan kó tó bá mi sọ̀rọ̀, ìwọ̀n tó bá gé e sí ló máa sọ èyí tó lè lò.